Ìbọn Tó Ń Lọ Lọ́jọ́ Mọ́ńdè

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má jókòó lórí àpótí yẹn. Ẹ tì í sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ wá jókòó sórí carpet basement níbí, lábẹ́ ilé. Kò sí ohun tí ẹ máa bẹ̀rù. Àgádágodo méjì ló wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sì wà lọ́wọ́ Ràṣídátù ọmọ mi. Èmi ni mo bí i, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn, òun ló wá ń ti nǹkan mọ́ mi lójú báyìí. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí ìbọn náà kó tó lọ. Ẹ kò ní rí i. Àpótí lẹ máa rí, ẹ ó sì rí èmi. Àwa méjèèjì ti gbó, wọ́n sì ń ṣọ́ àwa méjèèjì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, láàárín agogo mẹ́wàá sí méjìlá, ọlọ́pàá méjì ń bọ̀ ní Whitehorn, Calgary níbí, láti wá gbé e. Wọ́n sọ fún Ràṣídátù lórí fóònù pé àwọn á fún wa ní receipt. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan náà, Sáínábù ọmọ-ọmọ mi tó jókòó síbẹ̀ yẹn máa dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, á ka ohun tó kọ nípa mi fún wọn. Mo ti kà á. Òyìnbó inú rẹ̀ dára. Àkọlé rẹ̀ ni "My Grandfather, the Bear Hunter." Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ wá jókòó. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé yẹn tí mo gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó di Mọ́ńdè, nítorí kì í ṣe ìbọn nìkan ló ń lọ. Orí mi náà ti ń palẹ̀ mọ́. Dókítà fi àwòrán rẹ̀ hàn mí, ó ní ibi tó funfun yìí ni nǹkan ti ń kúrò. Mo ní, "Snow ni." Kò rẹ́rìn-ín.

Receipt! Ẹ jẹ́ n sọ bí ẹrù ọdẹ ṣe ń kúrò nílé nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí. Ọdẹ ni bàbá mi. Nígbà tó kú, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun ìṣọdẹ rẹ̀ títí ọjọ́ ìṣípà fi pé. Wọ́n kó aṣọ gbérí rẹ̀ àti àpò rẹ̀ àti àtùpà rẹ̀ sínú agbọ̀n kan, wọ́n sun ìrèmọ̀jé títí ohùn wọn fi há, wọ́n gbé agbọ̀n náà wọ igbó, wọ́n gbé e sí ìdí igi, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n sì padà sílé láìwẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé ní kèfèrí ni gbogbo rẹ̀, òun kò ní bá wọn dá sí i. Ẹ̀yìn ògiri ló dúró sí. Ẹkún tó sun níbẹ̀ ni láwàní fi já bọ́ lórí rẹ̀.

Ọlọ́pàá kò ní sun ìrèmọ̀jé fún irin yìí. Wọ́n á yọ́ ọ. Bóyá wọ́n á fi ṣe ìdérí ihò omi kan ní Sunridge, kí mọ́tò máa gùn ún kọjá lọ sí mall.

Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá sọ nípa igbó, òfin ni. A kì í bi ọdẹ pé ibo lò ń lọ, ọdẹ náà kì í sọ. Ìyá mi gbé pẹ̀lú rẹ̀ títí ó fi bí ọmọ mẹ́jọ, kò bi í rí. Tó bá ti rí i tó ń wẹ ọwọ́ ní kọ̀rọ̀ tó sì ń wá fìlà, á kọjú sí ìdáná, á máa fẹ́ná. Òfin kejì rèé, ẹ gbọ́ ọ dáadáa, nítorí a ó padà síbẹ̀: tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ nínú igbó, má dáhùn. "Ìbáà jẹ́ ohùn èmi bàbá rẹ lo gbọ́," ló wí. "Iwin mọ orúkọ gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá ń wá ọ, kó wá síwájú rẹ, kí o rí ojú rẹ̀ kí o tó la ẹnu." Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Mo gbà á gbọ́. Nígbà tó yá mo lọ sí yunifásítì ní Ìbàdàn, mo kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀, mo gba oyè kìíní, mo gba èkejì, mo máa ń fi iwin ṣe yẹ̀yẹ́ nínú kíláàsì. Ọ̀mọ̀wé ni mí nígbà náà. Ẹ rántí ìyẹn náà.

Oyè méjèèjì yẹn ni mo kó wọ Calgary. Foothills Industrial ló gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀. Nínú ilé ìkẹ́rùsí kan níbẹ̀, amòfin kan láti Abẹ́òkúta ń tẹ nọ́ńbà sára páálí, ẹnjiníà kan ń tò ó, èmi ń gbé e. Gbogbo wa ń dúró de Canadian experience bí ẹni ń dúró de òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo rí ìwé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá kópà lórí òkè ńlá níhà àríwá, níbi tí kò sí ọ̀nà mọ́tò. Kò sí ẹni tó fẹ́ lọ síbẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò wo ìwé ẹ̀rí mi bí ẹni ń wo ọmọ ẹlòmíràn. Ó ṣí i, ó pa á dé. Ó wá bi mí bóyá mo mọ ìbọn lò. Mo ní ọdẹ ni bàbá mi. Ojú rẹ̀ là! Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà méjì sí i nídìí. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí Canada ka ohun tí mo kó wá láti Ṣakí sí experience.

Báyìí ni mo ṣe dé ìdí ìbọn ìléwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù, ẹ rò pé gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ló ń gbé e kiri. Ní ilẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ìwé àṣẹ rẹ̀ le ju PR, ìwé ìgbélùú, lọ. Àwa tí iṣẹ́ gbé lọ sáàárín igbó tí béárì ti ń jayé orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fún, nítorí ẹni tó fi ọwọ́ kan di òòlù mú, tó fi èkejì di òkúta mú, kò ní ọwọ́ kẹta tó máa fi di ìbọn gígùn. Àyà ni mo máa ń so ó mọ́. Ọta mẹ́fà ló ń gbà. Ó wúwo, ó tutù, ní ọjọ́ keje mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀. Tí helikópítà bá ti gbé wa padà dé ìlú, inú àpótí yìí ló ń wọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nínú ìlú, èmi àti àwọn tó ń ta shawarma kò yàtọ̀.

Ohun tí mo fi ń rántí ayé yẹn, ìró ni. Ìró helikópítà tó ń jìnnà lẹ́yìn tó já wa sílẹ̀, títí á fi di ìró eṣinṣin, títí á fi di ìró kan tí o rò pé o ń gbọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ Sunridge, ẹ kò tíì gbọ́ "kò sí nǹkan kan" rí. Títì ń hó nínú oorun yín. Lẹ́yìn náà ni òòlù: ko, ko, ko, bí ẹni ń gún àgbo nínú odó irin. Ìró bébà tí mo fi ń di òkúta. Ìró omi kọfí tí Walter ń sè nínú agolo.

Walter. Òun ni mo ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ yìí yí ká bí onígbèsè ń yí ilé olówó rẹ̀ ká.

Ọmọ onílẹ̀ ni Walter, igbó yẹn ni wọ́n bí àwọn baba ńlá rẹ̀ sí. Ó ń dẹ pàkúté nígbà òtútù, ilé-iṣẹ́ wa ló ń gbà á nígbà ooru láti máa mú wa rìn. Ó jù mí lọ ní ọdún mẹ́wàá, nítorí náà mo ń pè é ní Bọ̀dá.

Ó bi mí pé, "Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo ní, "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ ló máa kọ́kọ́ bu ẹran."

Ó ní, "Ó yẹ kí àwọn yòókù náà máa pè mí bẹ́ẹ̀."

Ẹni tó bá ń rìn nínú igbó béárì gbọ́dọ̀ máa pariwo, kó má bàa já lu ẹranko náà lójijì. Àwọn òyìnbó inú wa a máa ké "Hey bear! Hey bear!" bí ẹni ń polówó béárì. Ojú ń tì mí láti ké e. Ní ọjọ́ kan ohùn mi kàn jáde fúnra rẹ̀: "Àgò onílé o!" Walter dúró. Ó bi mí ohun tí mo sọ. Mo ní bí wọ́n ṣe ń wọ ilé onílé nìyẹn ní ìlú wa, ẹni inú ilé á sì dáhùn pé "Àgò yà." A gun òkè yẹn tán. Ó wá ní, "Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu tí mo kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu ilé-iṣẹ́ yìí nìyẹn." Láti ọjọ́ náà ló ti ń ké e. Yorùbá Walter jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì, ó sì ń lò ó dáadáa ju àwọn kan ní Calgary níbí tí wọ́n ń pe ara wọn ní aṣáájú àṣà.

Iléyá bá wa nínú igbó lẹ́ẹ̀kan. Kò sí àgbò, kò sí lèmọ́mù, kò sí ẹni tó máa kí mi. Mo tẹ́ tápólì sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí helikópítà ń bà sí. Walter rí i pé ẹni tó bá forí kanlẹ̀ kò lè rí béárì, ó gbé ìbọn gígùn rẹ̀, ó dúró sẹ́yìn mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń ṣọ́ igbó títí mo fi sálámà. Nígbà tó di ọ̀sán, ó mú ehoro kan wá láàyè, ó fi okùn dè é. Ó ti gbọ́ pé àwa la ń dúńbú ẹran wa fúnra wa. Ehoro kékeré, ẹran rẹ̀ kò kún ọwọ́ kan. Mo dúńbú rẹ̀. Èmi, òun àti alásè wa la jẹ ẹ́. Mo ti jẹ màlúù odindi nínú gbọ̀ngàn àpèjẹ ìlú yìí láti ìgbà yẹn, n kò tíì jẹ Iléyá mìíràn.

Ibi tí a fi oṣù mẹ́ta rìn nígbà náà, drone ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sán kan ṣoṣo báyìí. Ọ̀dọ́ tó ń darí rẹ̀ jókòó sí downtown, ó ń mu tíì tó ní bọ́ọ̀lù nínú. N kò bínú sí i, kò sí béárì tó máa jẹ ẹ́. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń wa mọ́tò lọ sí òkè ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tó wọ́n ju òkúta iyebíye lọ, tí wọ́n ya fọ́tò pẹ̀lú àgbọ̀nrín ní ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n wá kọ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti rí ara àwọn nínú igbó. Àwa wà nínú igbó fún ọdún mọ́kànlá. Ẹni tí mo rí níbẹ̀ kò wù mí láti rí.

Ẹ má ṣèyọnu, mo ń bọ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó bá ro ìyà, tó bá pẹran, kò ní fún ẹnì kankan jẹ. Èmi, ọ̀rọ̀ ni mo pa, mo sì ti fi í pamọ́ títí ó fi rà.

Ẹ mọ̀ pé Olúọdẹ ni wọ́n ń pè mí ní ìlú yìí. Ẹgbẹ́ kan ló fi mí jẹ ẹ́, nínú gbọ̀ngàn kan tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Alága wọn jẹ́ Ẹnjiníà, ó jẹ́ Dókítà, ó jẹ́ Olóyè, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ kí o tó kí i ní ẹ kú alẹ́. Wọ́n wọ̀ mí ní gbérí tí wọ́n rà lórí Íńtánẹ́ẹ̀tì, owó ẹyọ ara rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Wọ́n gbé ìbọn ìṣeré lé mi lọ́wọ́, èyí tó ń tan iná pupa tó sì ń kọrin. Alága gba máíkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo akọni! Ọkùnrin tó dojú kọ béárì mẹ́ta nínú igbó Canada, tó pa wọ́n níkọ̀ọ̀kan!"

Mo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí, mo ní, "Alága, ta ló sọ pé mẹ́ta?"

Ó ní, "Bàbá, ẹ má ba ọjọ́ jẹ́. Àwọn Edo ní ẹni tiwọn tó pa ìkookò."

Mo jó. Ẹ gbọ́, mo jó! Mo gbé ìbọn rọ́bà sókè, ó kọrin, àwọn èèyàn ná owó fún mi. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ràṣídátù wà níbẹ̀ ní ọjọ́ náà, ó ń fi fóònù ká mi. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ òru ló ń ṣe jù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, ó ti iṣẹ́ dé, ó bá mi lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Mo wọ bàtà igbó mi, mo gbé àpótí yìí lé orúnkún. Ó ní, "Daddy, kí lẹ̀ ń ṣe níta?" Mo ní mò ń dúró de helikópítà. Ó jókòó tì mí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀. Kò jà. Ó ní, "Helikópítà ti pẹ́, ẹ jẹ́ ká dúró dè é nínú ilé." Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn tí wọ́n fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ ni. Lọ́jọ́ náà ló gba kọ́kọ́rọ́, lọ́jọ́ kejì ló pe ọlọ́pàá. Ó ṣe ohun tó tọ́. Òfin kò gbà kí n tà á tàbí kí n fún ẹnikẹ́ni, orí mi kò sì gbà kí n tọ́jú rẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn kọ́ ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mò ń bá ọmọbìnrin tó ń wá wẹ̀ mí sọ̀rọ̀, mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń ṣàlàyé fún un bí mo ṣe yìnbọn fún béárì tó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Mo ń rí i bó ṣe ń ṣubú! Irun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo rí. Ẹ̀yin ọmọ, kò sí béárì tó ṣubú. Òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi náà ti ń ra èké mi lọ́wọ́ ara mi. Òtítọ́ ló kọ́kọ́ ń kúrò nínú orí yìí, irọ́ ló ń kù, nítorí òun ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Nítorí náà ẹ gbọ́ ọ lónìí, kí ẹ bá mi mú un dání.

Ó kù díẹ̀ kí ooru parí. Pátákó kan wà lẹ́nu àgọ́ alásè. Ẹni tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, ibi tó ń lọ, àti ìgbà tó máa dé. N kì í kọ ọ́. Walter ti bá mi jà lórí rẹ̀ títí. "Kọ ọ́," á ní. Mo máa ń dáhùn pé, "Bọ̀dá, ọdẹ kì í sọ ibi tó ń lọ." Mo fẹ́ràn bó ṣe ń dún lẹ́nu mi. Èmi tí mo ń fọ́ òkúta gba owó oṣù, tí n kò tíì pa òkété rí láyé mi, ọdẹ ni mí ní ẹnu pátákó yẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà mo jáde láìkọ nǹkan kan. Mo rí òkúta kan tó ní àwọ̀ ewé lára, àmì kópà ni, mo tẹ̀ lé e kọjá ẹ̀yìn òkè. Kùrukùru bolẹ̀. N kò rí ọwọ́ ara mi. Mo jókòó sábẹ́ àpáta, mo ń dúró kó ká. Ìgbà tó yẹ kí n dé kọjá. Ní káàǹpù, Walter gbéra láti wá mi. Alásè ń bẹ̀rù, nítorí béárì kan ti ń rìn yí ibi ìdáná ká láti ọjọ́ mẹ́ta. Walter gbé ìbọn gígùn rẹ̀ fún un. Alásè ló sọ fún mi lẹ́yìn náà ohun tí Walter wí: "Níbi tí mò ń lọ, ìbọn wà níbẹ̀." Ìbọn tèmi ló ní lọ́kàn. Èyí tó wà nínú àpótí yẹn.

Mo gbọ́ orúkọ mi.

Ó wá láti ìsàlẹ̀ àfonífojì, kùrukùru ti lọ́ ohùn náà. Kò ké àgò. Ẹni tó ń wá èèyàn kì í kan ilẹ̀kùn, orúkọ ló ń pè. Gbogbo irun ara mi dìde. Mo di ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó pe ẹ̀ẹ̀kejì. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi. Ó pe ẹ̀ẹ̀kẹta. Oyè kìíní kò dáhùn, oyè kejì kò dáhùn.

Ṣé mo mọ̀ pé Walter ni? Ohun tí mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ní ọjọ́ tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, n kò mọ̀. Lónìí, mo mọ̀. Orúkọ mi ló pè bó ṣe máa ń pè é, tó ń gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó lọ sílẹ̀. Iwin wo ló máa ṣi orúkọ èèyàn pè?

Ká ní mo dáhùn, ọ̀dọ̀ mi ni ì bá yà sí, lókè. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó lọ tààrà sínú àfonífojì, níbi tí béárì ti ń jẹ òkú ẹran. Mo gbọ́ fèrè tó máa ń so kọ́rùn lẹ́ẹ̀kan. Kò dún tán. Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo ṣubú, mo dìde, mo fa ìbọn yọ, mo yìn ín lẹ́ẹ̀mẹfà sínú kùrukùru. Béárì ti lọ. Igi ni mo bà, àti ọ̀run. Nínú gbogbo ọdún tí mo gbé ìbọn yẹn, ohun tí mo fi ṣe nìyẹn.

Walter wà nídìí igi kan. Ó ṣì ń mí. Ó wò mí, ó ní, "Mo pè ọ́. Ṣé o kò gbọ́ ni?"

Mo ní, "Atẹ́gùn ni, Bọ̀dá. Atẹ́gùn pọ̀."

Ó gbé ojú sókè, ó wo orí àwọn igi. Ewé kan kò mì. Ó tún wò mí. Kò sọ ohunkóhun mọ́ títí ó fi kú.

Ilé-iṣẹ́ kọ atẹ́gùn sínú ìwé wọn. Agnes ìyàwó rẹ̀ bi mí ní ọjọ́ ìsìnkú pé, "Ṣé ó pè ọ́?" Mo fún òun náà ní atẹ́gùn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má dá ara mi lẹ́bi, Walter fẹ́ràn mi. Lọ́dọọdún ni mo ń sọ pé màá wakọ̀ lọ bá a, màá sọ ọ́. Snow wà lójú ọ̀nà, tàbí iṣẹ́ wà, tàbí Ràṣídátù bímọ. Agnes ti kú. Wọ́n ní ogún ọdún tí irọ́ ti ń lọ, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Òtítọ́ tèmi bá a lóòótọ́, kò wá rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Nígbà tí mo padà sí Calgary pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́, àwọn ará mọ́ṣáláṣí bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo pàdé béárì. Mo ní, "Alhamdulillah." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ló fi kún un. Ìdákẹ́ mi ló bí béárì àkọ́kọ́, Alága ló bí méjì yòókù.

Sáínábù, kí ló dé tí o fi ń wo ilẹ̀?

"Grandpa, it's due Monday. What do I write now?"

Kọ ọ́ pé wọ́n pè é, kò dáhùn.

"But Miss said it should be inspiring."

Sọ fún Miss pé mo tọrọ gáfárà.

Ta ló wà lórí àtẹ̀gùn yẹn? Ràṣídátù, ṣé ìwọ ni? Láti ìgbà wo lo ti dúró síbẹ̀?

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń sọ ti pátákó. Daddy, ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

Ìwọ náà kò bi mí rí. Ọmọ-ọmọ ọdẹ ni ẹ́, wọ́n kọ́ ẹ dáadáa. Jókòó. Má sunkún, bàbá rẹ ni mo ṣì jẹ́ títí di Mọ́ńdè, ó kéré tán.

Ohun tí mo fẹ́ kù díẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá bá gbé àpótí yẹn jáde, ẹ má yàwòrán rẹ̀, ẹ má fi orin sí i. Ẹ kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ dákẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ mi lọ́jọ́ iwájú tí mo ń sọ pé mo pa béárì, ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ẹ sọ fún mi pé, "Walter pè yín." Tí mo bá bi yín pé ta ni Walter, ẹ sọ fún mi pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ọjọ́ kan sì ń bọ̀, kò jìnnà, tí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ wá sí basement yìí, ẹ máa pe orúkọ mi, n kò ní dáhùn. Màá jókòó síbí, màá máa wò yín bí ẹni tí kùrukùru bò. Ẹ máa pè mí lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Walter pè mí kó tó lọ. Mo mọ bí ẹ̀ẹ̀mẹta ṣe rí fún ẹni tó wà lábẹ́ àpáta, tó fi ọwọ́ bo ẹnu. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí ẹ̀ẹ̀kẹrin.

N kò ṣèlérí pé màá dáhùn. Ẹ ṣáà pè mí lẹ́ẹ̀kẹrin.